A Kì í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́, Àbí?

Iṣẹ́ PhD ló gbé mi mì tí ẹ ò fi gbúròó mi. Lónìí, mo fẹ́ ro ẹjọ́ kan fún yín, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi ẹ̀. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Àǹtí mi kí n tó kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, ó lè ṣe ẹlòmíì láǹfààní.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àbúrò màmá mi ni mò ń gbé ní Richton Park níbí, ibẹ̀ ni mo ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin Metra lọ sí ṣíkágò. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ọkọ wọn ti padà sílé láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Àǹtí nìkan ló sì ń san owó ilé lóṣooṣù.

Nígbà tí òtútù ṣì mú, bébà méjì dé láti Nàìjíríà. Ọ̀kan wá láti kóòtù ìbílẹ̀ kan, ó ní wọ́n ti tú ìgbéyàwó wọn ká. Èkejì ní kí Àǹtí fọwọ́ sí i kí wọ́n ta ilé tí à ń gbé, kí owó ẹ̀ lọ sọ́wọ́ ọkọ. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé ilé o, ṣùgbọ́n ọkọ ní níwọ̀n ìgbà tí kóòtù ti tú àwọn ká, Àǹtí ò ní ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀ mọ́.

Àǹtí bi mí pé kí ni kí àwọn ṣe. Ìmọ̀ bátìrì ni mò ń ṣe PhD lé lórí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo di adájọ́ nínú kíṣìnnì. Mo ní, "Àǹtí, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ ká ní àlàáfíà. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Wọn ò fèsì. Wọ́n ká bébà yẹn, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n jáde.

Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí lọ́yà. Èmi ni mo wa mọ́tò lọ. Ọmọ Yorùbá ni Lọ́yà náà. Ó ti ṣe lọ́yà nílé kó tó wá ṣe ìdánwò ti Illinois, ìgbéyàwó tó fi ẹsẹ̀ kan wà níbí tó fi èkejì wà lókè òkun sì ni iṣẹ́ ẹ̀. Kò béèrè ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì. Ohun tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Àǹtí, níbo lẹ ti ṣègbéyàwó?"

"Ìkòyí ni. Ní rẹ́jísìrì."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, Kóòtù Gíga nìkan ló lè tú u ká ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970. Kóòtù Gíga náà ò sì ní tú u ká lójú ẹsẹ̀: àṣẹ àkọ́kọ́ á jáde ná, oṣù mẹ́ta á kọjá kó tó di tòótọ́. Kóòtù ìbílẹ̀ ò lè tú okùn tí kì í ṣe òfin ìbílẹ̀ ló so ó. Bébà tó ń da oorun Àǹtí láàmú látọjọ́ yìí, kò léyín.

Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Illinois fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ lè gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá sí kóòtù ibí, adájọ́ á sì wo ohun tí kálukú ṣe lórí dúkìá kó tó pín in. Lẹ́yìn náà ló béèrè àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí bàbá ẹ̀ ní kó wá lo ọlidé nílé. Ó ní Amẹ́ríkà ti ń lo àdéhùn Hague ti 1980 láti 1988, èyí tí wọ́n fi ń dá ọmọ tí òbí kan gbé lọ tàbí tó dá dúró sí orílẹ̀-èdè mìíràn padà. Nàìjíríà ò sí nínú ẹ̀. "Mi ò sọ pé Bàbá máa dá ọmọ dúró o. Mo kàn ní kí kóòtù kọ ọjọ́ tí ọmọ máa padà sílẹ̀, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Ó tún dárúkọ ẹjọ́ kan, Agbaje v Agbaje. Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn. 1967 ni tọkọtaya náà ṣègbéyàwó. Kóòtù Gíga Èkó tú wọn ká ní 2005, ó fún ìyàwó ní ilé kan l'Ékòó tó lè lò títí ọjọ́ ayé ẹ̀, àti owó tó tó nǹkan bíi 21,000 pọ́n-ùn. Ìyàwó ti ń gbé ní England nígbà yẹn, ilé méjì sì wà ní London lára dúkìá wọn. Ó gba kóòtù Gẹ̀ẹ́sì lọ. Adájọ́ fún un ní 275,000 pọ́n-ùn, kóòtù kejì fagi lé e, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain dá a padà fún un. Òfin England nìyẹn o, kì í ṣe ti Illinois, Lọ́yà tẹnu mọ́ ọn dáadáa. Ohun tó fẹ́ ká rí ni pé ibi tí èèyàn ti sọ ẹjọ́ ẹ̀ lè pinnu bóyá á rí ilé gbé lọ́jọ́ ogbó.

Ibi tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ta ló kọ́kọ́ lọ sí kóòtù? Ọkọ Àǹtí ni. Kò sẹ́ni tó pa òwe fún wọn. Ẹni tí kò lọ síbi kankan ni mo pa á fún. Àwọn àgbà tó pa òwe yẹn, tọkọtìyàwó ń bẹ ní agboolé kan náà, baálé lè pe méjèèjì jókòó. Ta ni baálé láàárín Richton Park àti ilé? Nígbà tí mo ní "ẹ jẹ́ ká ní àlàáfíà", ohun tí mò ń sọ ni pé kí Àǹtí fi ilé sílẹ̀ kára lè tu gbogbo wa.

Ẹjọ́ ti wà ní kóòtù Cook County ní Markham báyìí, kò tíì parí. Mo sì ń gbọ́ tí Àǹtí ń bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ẹ̀kọ́ ọmọ, láìpariwo, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Dìde jàre. Ìwé bátìrì nìwọ kà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe Ìkòyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ìdána nìkan, ẹ wá ìwé ìgbéyàwó yín jáde lónìí, kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe torí ìjà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi bébà ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fọwọ́ sí i kí lọ́yà tó kà á. Ilé ayé kò ní fọ́ mọ́ wa lórí o.