Kíndìnrín Kì í Pariwo



Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà. Mo rò pé bí nǹkan kan ò bá ti dùn mí, kò séwu. Àṣé kíndìnrín lè máa bàjẹ́ láìdun èèyàn! Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló fi hàn pé purotéènì ti ń jò sínú tèmi.

Dókítà là á yé mi: kíndìnrín ni asẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà tó bá sẹ́, ó máa ń dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀, kó má bàa ṣòfò. Bí ṣúgà tilẹ̀ pọ̀ jù, ó ṣì ń dá púpọ̀ rẹ̀ padà. Oògùn bíi dapagliflozin ló ń dí ọ̀nà yẹn: ṣúgà àti iyọ̀ á bá ìtọ̀ lọ, ẹrù kíndìnrín á fúyẹ́.

Láyé àtijọ́, èèrà tó bo ìtọ̀ la fi ń mọ àrùn yìí. Ní báyìí, bí èèrà bá bo tèmi, oògùn ló ń tú ṣúgà jáde.

Ẹ má dá a rà o. Ó lè mú ojú ara yún. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ tàbí tó ń bì gbọ́dọ̀ bi dókítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò fún purotéènì lọ́dọọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.