Iṣẹ́ Tí Màmá Kọ́ Mi ní Lomé

Ó pẹ́ tí mo fi ń gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé Màmá kiri ọjà Lomé kí wọ́n tó gbà kí n fọwọ́ kan omorogùn nínú ilé ìdáná wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn, wọn kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà mọ oúnjẹ í sè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Màmá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí wọn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá gba Tógò kọjá lọ sílé. Àwọn kan dúró sí Lomé, Màmá sì wà lára wọn. Àgbàlá tí wọ́n gbà wọ́n sí, obìnrin Ewe kan wà níbẹ̀, ará Aného, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Davi. Davi yìí ló kọ́ Màmá ní oúnjẹ ìlú náà. Davi ti kú kí n tó dé Lomé, ṣùgbọ́n Màmá kì í dáná kí wọ́n má dárúkọ wọn. Ẹni méjì ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo fojú rí.

Adawlato la máa ń ná jù, ọjà ńlá tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì àgbà àwọn Kátólíìkì tí àwọn ará Jámánì kọ́ nígbà tí Tógò wà lábẹ́ wọn. Màmá kì í ṣàlàyé ohunkóhun. Wọ́n á mú tòmátò, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á mú òmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí èmi náà máa ṣà. Èyí tí kò bá dára nínú ohun tí mo ṣà, wọ́n á dá a padà sórí àtẹ láìsọ ohun tó ṣe é. Ojú mi ló gbọ́dọ̀ wá a rí. Ilá tí kò tíì gbó, bí a bá ká ṣóńṣó rẹ̀, á dá kẹ́. Akàn gbọ́dọ̀ wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lójú lọ. Ẹja tútù, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ, abẹ́ etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n. Gbọ́mà, tí àwa ń pè ní ẹ̀fọ́ igbó, bí kòkòrò bá ti dá ihò díẹ̀ sí i lára, kò ní láburú nínú. Èyí tó ń dán láìní àpá kankan ni Màmá máa ń fura sí, wọ́n á bi olóko léèrè irú oògùn tó fín sí i.

Ewébẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti ọjà o. Etí òkun, lápá Baguida, la ti ń lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga síbẹ̀, wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran àti ti adìẹ sí i kó lè lọ́ràá, àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń gbé garawa ẹlẹ́nu ajere lọ́wọ́ méjèèjì bomi rin ebè, nítorí pé iyanrìn kì í mú omi dúró. Ìdí iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni mo ti kọ́ láti má ṣe fi ewé kan ṣòfò. Bí mo bá ju ìtì gbọ́mà nù tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀, Màmá á ní kí n lọ mú un padà wá.

Nínú ilé ìdáná, ewé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mi. Adémè tí wọ́n ń sè ní Lomé, ewédú wa náà ni, ṣùgbọ́n wọn kì í já a. Mo gbé ìjábẹ̀ wá láti ilé. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi kọ́ ògiri. Ọ̀bẹ ni wọ́n ń lò. A ó to ewé jọ sọ́wọ́ òsì, a ó ká a ró, a ó fún un pinpin, a ó sì máa rẹ́ ẹ bọ̀ wá síhà àtàǹpàkò, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, láìgbé ojú kúrò. Bí ó bá tóbi jù, kò ní fà dáadáa. Lẹ́yìn náà la ó da ewé náà sínú omi ẹja tó ń hó, pẹ̀lú káún ìwọ̀nba. Èyí tí ìka méjì bá lè mú ti tó; bí ó bá lé, ẹnu ló máa mọ̀ ọ́n. Akàn, ẹja gbígbẹ, ata, atalẹ̀, aáyù àti epo pupa, inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. A kì í dé e, nítorí pé ìdérí ló ń pa àwọ̀ ewé. Mo fẹ́ràn ewédú tí a já gan-an, mo ṣì ń jẹ ẹ́ dòní, ṣùgbọ́n bí akàn bá wà nínú ọbẹ̀, ti Lomé ni kí ẹ fún mi.

Gbọ́mà, ìkorò rẹ̀ ni iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀. A ó bọ̀ ọ́, a ó fún un. Bí a bá fún un jù, ó di pàǹtí. Bí a kò bá fún un tó, àlejò ò ní lè jẹ ẹ́. Màmá fẹ́ kí ìkorò díẹ̀ ṣẹ́kù sí ẹ̀yìn ahọ́n, ọwọ́ ló sì ń mọ ìgbà tó bá tó, kì í ṣe aago.

Akumé, òkèlè àgbàdo, ló tẹ̀ lé e. A ó po ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ mọ́ omi tútù, a ó dà á sínú omi tó ń hó, a ó rò ó bí ẹ̀kọ mímu, a ó jẹ́ kó hó dáadáa kí a tó máa bu ìyẹ̀fun gbígbẹ sí i. Apá tó mọ àmàlà rò ní láti tún kọ́ èyí: títẹ̀ mọ́ ara ìkòkò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí kókó lè tú, lẹ́yìn náà yíyí i padà, kí iná abẹ́ má bàa jó o. Èjìká mi máa ń ro mí lóru. Màmá ní tiwọn náà ro wọ́n.

Ablo, oúnjẹ wíwú tí a ń fi ooru omi sè, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù, nítorí òun ló pẹ́ jù kó tó wọ̀ mí lọ́wọ́. Ìrẹsì ni Màmá fi ń ṣe tiwọn, pẹ̀lú ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀. A ó rẹ ìrẹsì mọ́jú, a ó ṣàn án, a ó gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta, a ó sì dúró tì í, kí wọ́n má bàa lọ̀ ọ́ tẹ̀ lé ata ẹlòmíràn. A ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀, a ó sè é lórí àdògán títí yóò fi ki, a ó gbé e kalẹ̀ títí ìka yóò fi lè dúró nínú rẹ̀. Ìgbà náà la ó tó pò ó mọ́ èyí tó kù, pẹ̀lú ṣúgà, iyọ̀ àti ìwúkàrà. Ọwọ́ lásán la fi ń lù ú. Ó máa ń wúwo lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀. Bó bá yá, á fúyẹ́, á máa fà tẹ̀ lé ìka. A ó bò ó, a ó fi í sílẹ̀ kó wú.

Wíwú yìí ni ọ̀gá. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń lọ́ra; nígbà tí oòrùn bá mú, kíá ló ń dìde. Màmá kò jẹ́ kí n wo aago. Wọ́n ní kí n dẹ etí sí ẹnu abọ́, kí n gbọ́ bí ó ṣe ń hó wẹ́wẹ́, kí n sì gbóòórùn rẹ̀: nígbà tó bá ń ta bí ẹmu àárọ̀, ó ti yá. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á kan, orí iná ló sì ti máa rì. A ó wá bù ú sínú àwọn agolo kékeré tí a fi epo ra nínú, a ó tò wọ́n sórí omi tó ń hó, a ó fi aṣọ mímọ́ wé ìdérí kí omi ooru má bàa kán sí ojú rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú máa ń tó o. Ablo tó bá jinná, bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á padà sí ipò rẹ̀, inú rẹ̀ á sì kún fún ihò wẹ́wẹ́.

Tèmi ń le, tàbí kó kan, fún ìgbà pípẹ́. Màmá kì í bá mi wí. Wọ́n á jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fọwọ́ sún àwo sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jẹ gbogbo ohun tó wà nínú àwo, pẹ̀lú ẹja díndín àti moyo, ìyẹn tòmátò, àlùbọ́sà àti ata tútù tí a gé sínú omi òròǹbó. Wọ́n wá ní kí n bu méjì sí i sínú abọ́, kí n gbé e lọ fún ọmọ Davi tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà. Obìnrin náà tọ́ ọ wò, ó béèrè ẹni tó ṣe é, mo ní èmi ni. Ó ní òun rí ọwọ́ ìyá òun nínú rẹ̀. N kò tíì gba ìwé ẹ̀rí tó tó ìyẹn.

Lẹ́yìn ablo ni wọ́n tó fi búrẹ́dì yíyan hàn mí. Kò sí ààrò nílé wa. Ìkòkò irin ńlá la ń lò: a ó da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó gbé òkúta mẹ́ta lé e, a ó dé e, a ó sì kó ẹyinná sórí ìdérí ju èyí tó wà lábẹ́ lọ. Láti mọ̀ bóyá iná tó, a ó wọ́n ìyẹ̀fun sórí àwo kékeré kan, a ó gbé e sínú ìkòkò náà. Bí ó bá pọ́n, iná tó. Bí ó bá dúdú, ẹ bu ẹyinná kúrò. Omi àgbọn tí a fún lára èyí tí a rin la fi ń po ìyẹ̀fun náà, nítorí pé àgbọn pọ̀ létí òkun ibẹ̀ ju wàrà lọ. Oòrùn á ti máa wọ̀ kí búrẹ́dì náà tó jáde, gbogbo àgbàlá á sì ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mo kà mọ́ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí iná jó ọjà ńlá Lomé ní oṣù kìíní ọdún 2013, Màmá lọ wá àwọn obìnrin tí a ń ra ata àti tòmátò lọ́wọ́ wọn, lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n sá sí, wọ́n sì ń bá wọn rajà níbẹ̀ nìṣó. Wọ́n ní ẹni tó ń tọ́jú ọjà rẹ̀ dáadáa fún ọ, òun náà wà lára àwọn tó ń bá ọ sè é.

Apá Màmá kò gbé omorogùn mọ́ báyìí. Èmi ni mò ń se oúnjẹ fún wọn, wọ́n á sì jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa gbọ́ ìró omorogùn. Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ wà ní Lomé, ní Kútọnu, ní Èkó, ẹ dákun, ẹ má ṣe dá nìkan lọ sọ́jà mọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ́wọ́, ọkùnrin àti obìnrin. Apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún wọn.