Kí A Tó Ra Pílọ́ọ̀gì Tuntun

Bí ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ bá kọ̀ tí kò tan, owó la kọ́kọ́ máa ń sáré ná sí i. A kì í wò ó. Èyí ń dùn mí. Ní Alajue níbí, nílùú Ẹdẹ, jẹnẹrétọ̀ kékeré Tiger TG950 tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" lọ̀rọ̀ náà sábà máa ń kàn. Ènìyàn á fa okùn títí apá á fi máa ro ó, á ní pílọ́ọ̀gì ti kú, á ra òmíràn. Kò ní tan. Á tún ra kabúrétọ̀. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Ẹbí kan náà ni jẹnẹrétọ̀ yìí àti àwọn ẹ́ńjìnnì Yamaha àtijọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì: wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún àwọn méjèèjì ni. Láti 1909 tí Ole Evinrude, ọmọ Norway tó tẹ̀dó sí Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ti gbé ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ tirẹ̀ jáde, ohun mẹ́ta náà ni wọ́n ṣì ń béèrè: iná, epo, àti písítìn tó lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa á fi wá sínú òkùnkùn, tiwọn lè dá èrò dúró sáàárín ọ̀sà.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mo sì fẹ́ràn bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti fẹ́ máa fa okùn, á ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo ẹnu rẹ̀ ná." Pílọ́ọ̀gì ló ní lọ́kàn. Bí ẹnu rẹ̀ bá tutù, epo ń dé, iná ni ká wá. Bó bá gbẹ táútáú, epo ni kò dé ibẹ̀, a jẹ́ pé kabúrétọ̀ ló kàn. Bó bá dúdú tó ń yọ̀, ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Mílílítà 20 péré ló yẹ ká pò mọ́ lítà epo kan. Bí okùn bá wá rọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á, rínìngì ara písítìn ló ti jẹ.

Kabúrétọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Epo tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ á dà bíi gọ́ọ̀mù, á sì dí ihò kékeré kan tí abẹ́rẹ́ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ̀. Atẹ́gùn ni ọmọkùnrin yìí máa ń fẹ́ sí i. Kò jẹ́ ki wáyà líle bọ̀ ọ́, nítorí bí ihò náà bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àmujù epo dé nìyẹn. Mo ka irú ìmọ̀ yìí sí ẹ̀kọ́ gidi, bí kò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ́ńjìnnì yìí, tí ẹ bá fẹ́ gbé e tì fún ìgbà pípẹ́, ẹ ti ẹnu ibi tí epo ń gbà jáde nínú táńkì, kí ẹ jẹ́ kó jó èyí tó kù nínú kabúrétọ̀ tán títí á fi kú fúnra rẹ̀. Ìta gbangba sì ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.