Ẹni Ọdún 31 Tó Di Ìyá Àgbà

Ọ̀pọ̀ òṣèrébìnrin ni kì í fẹ́ kí aráyé mọ ọjọ́ orí wọn. Ti Kirin Kiki, òṣèré ilẹ̀ Japan, yàtọ̀. Ẹni ọdún 31 péré ni lọ́dún 1974 nígbà tó ṣe ìyá arúgbó nínú eré tẹlifíṣọ̀n Terauchi Kantaro Ikka. Ọkùnrin tó ṣe ọmọ rẹ̀ nínú eré náà sì fi ohun tó lé ní ọdún 10 jù ú lọ!

Tokyo ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1943. Ní 1961 ló wọ ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé Bungakuza. Chiho Yuki ló ń jẹ́ nídìí iṣẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní 1977, wọ́n ń ta nǹkan ní gbàǹjo lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì rí nǹkan mìíràn tà, ló bá ta orúkọ náà! Bó ṣe di Kirin Kiki nìyẹn.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù rẹ̀, òun kọ́ ni ìtàn dá lé lórí. Òun ni ìyá, tàbí ìyá àgbà tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo Still Walking, tí Hirokazu Kore-eda ṣe ní 2008, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìyá tí omi gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àgbà lọ, níbi tó ti ń gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ là, ló ṣe níbẹ̀. Lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ikú náà, ìyá yìí máa ń pe ẹni tí wọ́n gbà là wá sílé. Èèyàn á kọ́kọ́ rò pé àánú ló ń ṣe é. Àfi ìgbà tí àbúrò olóògbé ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọkùnrin náà sinmi. Ìyá ń hun òwú lọ́wọ́, kò gbé ohùn sókè, ó ní kí ara lè ni ín gan-an lòun ṣe ń pè é. Kò sunkún, kò pariwo. Ẹni tó bá ti sin ọmọ rí kò nílò àlàyé.

Kirin Kiki kò gba aṣojú. Fóònù àti ẹ̀rọ fáàsì ilé rẹ̀ ló fi ń gba iṣẹ́. Ní 2013, lórí ìtàgé níbi tó ti lọ gba àmì-ẹ̀yẹ, ó sọ fún gbogbo èèyàn pé àrùn jẹjẹrẹ ti ràn káàkiri ara òun. Síbẹ̀, kò jókòó sílé.

Nínú Shoplifters, ó yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ kúrò lẹ́nu, kí ojú ìyá àgbà tó ń ṣe lè hàn bó ṣe rí. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Palme d'Or ní Cannes ní oṣù Kárùn-ún, 2018. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ó jáde láyé lẹ́ni ọdún 75.

Lẹ́ni ọdún 31, ńṣe ló yá ogbó lò. Nígbà tí ogbó tirẹ̀ wá dé, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.