Suame Magazine: Ibi Tí Bàbá àti Ọmọ Ti Ń Ra Lathe

Ẹni tí ó bá gba Kumasi lọ sí Techiman tàbí Tamale kò lè ṣàì kọjá ní Suame. Kí ọkọ̀ tó dé oríta ńlá ibẹ̀ ni etí ti ń gbọ́ ọ: òòlù lórí irin, ẹ̀rọ tí ń gé páànù, fèrè àwọn awakọ̀ tí wọn kò rí ọ̀nà kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, nítorí ọ́ìlì ọ̀pọ̀ ọdún ti mu wọ inú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan fẹ̀yìn ti èkejì, ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n tú sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń ta ìrẹsì, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń ti ọkọ̀ tí kò ní táyà gba àárín wọn kọjá.

Magazine tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ kò bá ìwé ìròyìn tan rárá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ológun Òyìnbó ń pe ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Kumasi ni pé níbi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ láàárín ìlú ni àwọn fita, bí àwọn ará Ghana ti ń pe mẹkáníìkì, kọ́kọ́ kó ara wọn jọ sí. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ sí Suame, wọ́n gbé orúkọ náà dání. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìbọn gan-an, kí ó padà sí àárín ìlú, sí ilé odi tí àwọn Òyìnbó kọ́ ní 1896 sí 1897, tí àwọn Asante dó tì ní 1900 nígbà ogun Yaa Asantewaa. Mùsíọ́mù àwọn ológun ni ó dà báyìí. Àwọn àgbà Ẹ̀jìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n tajà ní Kumasi kí òfin 1969 tó lé àjèjì kúrò ní Ghana kò ní gbàgbé àyíká yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oríta Suame. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá náà ní abúlé rẹ̀. Bàbá tirẹ̀ rọ ìbọn ṣakabùlà fún àwọn ọdẹ, òun náà sì ti bá ọdẹ tún ìbọn ṣe rí. Ṣùgbọ́n òfin Ghana, bíi ti Nàìjíríà, kò gbà kí alágbẹ̀dẹ máa rọ ìbọn nílé láìgba àṣẹ. Bàbá yìí kò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá bá ọmọ òun níbi iná àgbẹ̀dẹ. Owó kòkó ọdún méjì àti èyí tí ìyá ọmọ náà rí nínú ọjà gààrí ni wọ́n dì mọ́ra wá. Lathe ni wọ́n fẹ́ rà, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí ọ̀bẹ líle lè máa bó o títí yóò fi rí roboto. Ọmọ náà mú ṣáàfù ẹ̀rọ ìlọgbàdo kan tí ó ti jẹ dání, ó fi àkísà wé e.

Ọ̀pọ̀ fita Suame kò ní irú ẹ̀rọ yìí nígbà kan rí. Ní 1972 ni yunifásítì Kumasi dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. Ní 1980, wọ́n gbé ẹ̀ka rẹ̀ wá sí àárín Suame fúnra rẹ̀. Wọ́n kó lathe tòkunbọ̀ wọlé láti Britain, wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń lò ó, wọ́n sì tà á fún wọn. Lára ohun tí ó tún gbé Suame ga ni pé ẹni tí ó ní lathe kò ní láti dúró de bóótù tàbí ṣáàfù láti òkè òkun mọ́.

Lathe kékeré kan láti China ni ojú ọmọ náà kọ́kọ́ lọ sí. Ó ń dán. Kò ju nǹkan bíi ogójì kìlógíráàmù lọ, ènìyàn méjì lè gbé e wọ yàrá, iná ilé lásán ni ó sì ń lò. Irú rẹ̀ ni àwọn tí ń tún ìbọn ṣe nílé ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gbà wọ́n láyè, sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó rí i pé ihò àárín rẹ̀ kò gba irin tí ó sanra. Ọmọ náà ti ń fọwọ́ pa á lórí.

“Agya,” ni olùtajà wí, bí àwọn Asante ti ń pe bàbá, “kí ni ẹ fẹ́ máa fi ṣe?”

Bàbá ní kí ọmọ tú àkísà náà. Àyè tí ẹ̀rọ kékeré náà ní láàárín orí àti ìdí kò ju nǹkan bíi 350 mìlímítà lọ. Ṣáàfù náà yọ síta gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré parí síbẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ń ṣe nǹkan wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n abúlé tí ń jẹ ẹ̀kọ àti bánkù kò lè ṣe láìsí ẹ̀rọ ìlọgbàdo.

Ẹ̀rọ ńlá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó wúwo bí àpáta. Iná fééṣì mẹ́ta ni ó ń lò, abúlé wọn kò sì ní in. Èyí tí ó kù ni tòkunbọ̀ kan tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti fi mọ́tò fééṣì kan sí. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó.

Ibi tí bàbá ti fi ara rẹ̀ hàn bí alágbẹ̀dẹ nìyí. Kò wo ọ̀dà. Ó fi èékánná tọ ojú irin gígùn tí ọwọ́ ẹ̀rọ ń rìn lé, pàápàá nítòsí orí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ń jẹ. Ó jẹ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n ti irin gígùn kan bọ ẹnu rẹ̀, ó gbé e sókè, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bóyá béárìn ń mì. Kò mì. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn, ó ń kà á bí yóò ti yí tó kí ọ̀bẹ tó rìn. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n tan iná. Wọ́n bó irin kan fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láìfi ohunkóhun ti ìdí rẹ̀, ọmọ sì fi caliper wọn orí àti ìdí. Ìyàtọ̀ tí ó rí kò tó ohun tí ojú lè rí.

Wọ́n ná an títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ yanjú, ọmọ náà ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ka gíà inú rẹ̀, ó tún un kà. Ó ku méjì. Láìsí wọn, kò ní lè gé ojú nọ́ọ̀tì tí ó bá fẹ́.

Bàbá di owó rẹ̀ padà sínú ìgbánú, ó jókòó lórí táyà kan, ó ní òun kò kánjú. Olùtajà pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, ó rán an sí ìsàlẹ̀ Magazine pé kí ó lọ wá gíà méjì náà wá.