Ọkọ̀ Kékeré fún Ẹni tí ó Fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò sọ pé, "Olùkọ́, èmi tí n kò ní kẹ̀kẹ́, kí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣe?" Ẹ ní sùúrù. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin fúnra yín, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Parakou, tàbí ọmọ yín tí ó jẹ́ tíṣà ní Kútọnu. Ní ọjọ́ kan ẹni náà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò padà wá sí Pira, yóò sì fẹ́ gun ọkọ̀ ara rẹ̀ wálé. Ẹ̀yin ará ilé ni yóò bá jókòó gbìmọ̀. Ó dára kí ẹ ní ohun tí ẹ ó sọ.

Owó ìfẹ̀yìntì kì í tó owó oṣù. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ CNSS, ìjọba sì ń san ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ohun tí ó ń wọlé dín kù, ara sì ń dàgbà. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀ kì í fẹ̀yìntì. Igi kajú rẹ̀ ni CNSS rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà lè ra ọkọ̀ ní ọdún tí kajú bá lówó lórí, nítorí náà kí ó má sùn nígbà tí a bá ń ka ìwé yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kàn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san owó tí a fi ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń jẹun. Ó ń mu epo, ó ń jẹ táyà, ó ń mu ọ́ìlì, ó ń gba asúráǹsì. Nítorí náà, kí a tó béèrè pé èló ni wọ́n ń tà á, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé èló ni yóò máa jẹ lóṣooṣù, ọwọ́ wo ni yóò sì máa bọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Nígbà tí ó dé ilé, ọkọ̀ jíìpù ńlá ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti rí ọ̀kan ní Kútọnu, dúdú, tí ara rẹ̀ ń dán. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ọkọ̀ yìí kò ha ti tóbi jù fún yín?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ ńlá ni ó yẹ àgbà. Ṣé kí n máa ká ara mi mọ́ inú agolo ni?"

N kò bá a jiyàn. Mo mú ìwé àti bírò, mo ní kí ó sọ gbogbo ibi tí yóò máa gbé ọkọ̀ náà lọ fún mi. Ó kà wọ́n sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí èmi ń pè ní Ìyá, ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì gbọ́dọ̀ máa lọ rí dókítà ní Savalou. Ọjà Bantè wà níbẹ̀. Òkú àti ìgbéyàwó kò lóǹkà. Oko iṣu wà ní ẹ̀yìn ìlú. Lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, yóò lọ kí àwọn ọmọ ní Kútọnu. A kọ gbogbo rẹ̀. Nínú gbogbo ìrìn wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ó gba ju ènìyàn mẹ́rin lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà pọ̀, bí a ti ṣe é lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. A fi 150 kìlómítà ṣe àlọ àti àbọ̀ ìrìn kan. A fi 700 fáráǹkì ṣe owó lítà epo kan, kí ìṣirò lè rọrùn. Ọkọ̀ kékeré tí ara rẹ̀ dá lè mu lítà 6 ní 100 kìlómítà. Jíìpù ńlá tí ó ti gbó díẹ̀ lè mu lítà 14.

Ní 150 kìlómítà, ọkọ̀ kékeré mu lítà 9. Owó rẹ̀ jẹ́ 6.300 fáráǹkì. Jíìpù mu lítà 21. Owó rẹ̀ jẹ́ 14.700 fáráǹkì. Bí a bá rin irú ìrìn yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù, ọkọ̀ kékeré gba 25.200, jíìpù gba 58.800. Ẹ yọ èkínní kúrò nínú èkejì: 33.600 fáráǹkì lóṣù kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12: 403.200 fáráǹkì lọ́dún kan. Epo nìkan ni a ṣì ń kà o. A kò tíì mẹ́nu kan táyà jíìpù.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gbà kí a san fún òṣìṣẹ́ jẹ́ 52.000 fáráǹkì. Ẹ wò ó dáadáa. Epo jíìpù yìí ju owó oṣù odidi ènìyàn kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ìwé náà títí. Ó tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀, olùkọ́ ni. Ìyá tí ó ń bó ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan kò gbé ojú sókè. Ó kàn ní, "Owó oògùn mi ni ọkọ̀ yẹn fẹ́ máa mu." Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ jíìpù mọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìṣirò yìí ti dé bá. Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Citroën ní ilẹ̀ Faransé, Pierre-Jules Boulanger, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ọkọ̀ fún àwọn ará oko. Ó ní kí ó lè gbé àgbẹ̀ pẹ̀lú 50 kìlò ọ̀dùnkún, kí ó má mu ju lítà 3 lọ ní 100 kìlómítà, kí a sì lè gbé agbọ̀n ẹyin sínú rẹ̀ la oko tí a ti kọ kọjá, kí ẹyin kankan má fọ́. Ọdún 1948 ni wọ́n fi ọkọ̀ náà han gbogbo ènìyàn ní Paris. 2CV ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1990. Bí ó bá jẹ́ ebè iṣu Pira ni wọ́n gbé ẹyin náà gbà, n kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Ní 1973, nígbà tí àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dín epo tí wọ́n ń tà kù, owó epo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin láàrin oṣù díẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà yíjú sí ọkọ̀ kékeré, àwọn ará Jàpáàn sì ti ní i nílẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti dé Ìbàdàn láìpẹ́ yìí yóò ti rí Nissan Micra. Ọkọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni àwọn onítakisí ibẹ̀ gbà lọ́kọ̀. Awakọ̀ takisí kì í ṣe fáàrí. Ó mọ iye tí ó ná lórí epo lójúmọ́, ó sì mọ iye tí ó kù sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ kò bá mọ ọkọ̀ tí ẹ ó rà, ẹ wo èyí tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ jẹun ń rà. Ẹ ó tún rí i pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n, mẹkáníìkì sì mọ inú rẹ̀ bí ìyàwó ilé ti mọ inú ìkòkò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń rà ni ó ti ìlú òyìnbó dé. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní tòkunbọ̀, bí a ti ń pe ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Wọ́n ń kó wọn láti Bẹ́ljíọ̀m àti ibòmíràn gba èbúté Kútọnu wọlé. Nínú àwọn kékeré, ẹ ó rí Toyota Starlet, tí wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1999, àti Yaris tí ó rọ́pò rẹ̀. Starlet dára, ṣùgbọ́n èyí tí ó kẹ́yìn pàápàá ti dàgbà. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé tuntun ni.

Ṣùgbọ́n Pira kì í ṣe Ìbàdàn. Ọ̀nà ọlọ́dà tí ó ti Savalou gba Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou rọrùn fún ọkọ̀ kékeré. Bí ẹ bá yà kúrò lórí rẹ̀ sí ọ̀nà oko, ilẹ̀ pupa ni, òjò a sì gbẹ́ ẹ. Ọkọ̀ tí inú rẹ̀ fà sílẹ̀ jù yóò máa fi abẹ́ gbá òkúta. Nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ní ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, a fẹnu kò pé ọkọ̀ náà kò ní í gun oko nígbà òjò. Alùpùpù ni yóò máa gbé e lọ, bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọlọ́mọlanke yóò sì kó iṣu wálé.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rò: orúnkún. Bí àga ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ jù, àgbàlagbà yóò máa kérora bí ó bá ń dìde. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọkọ̀ wà fún wọlé, kí ó jáde, lẹ́ẹ̀mẹta, níwájú ẹni tí ń tà á. Kí ìyàwó rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a wò ó bí ọwọ́ àgbà bá lè yí ìdarí rẹ̀ láì làágùn. Ọkọ̀ tí ó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ máa ń sinmi ẹsẹ̀, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ta ni yóò tún un ṣe? Èmi fara mọ́ jíà tí a ń fọwọ́ yí. Iná iwájú pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ kedere, nítorí ojú àgbà kì í ríran dáadáa lálẹ́. Kí ó tilẹ̀ máa rin ìrìn rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ kpayo kò ṣeé fò. Epo tí ń ti Nàìjíríà wá nínú gálọ́ọ̀nù àti ìgò ni púpọ̀ nínú wa mọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti tán ní Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tí owó kpayo fi fò sókè lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ ńlá nítorí pé kpayo pọ̀, ọdún náà kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, iná jó ibi tí wọ́n kó irú epo yìí sí ní Sèmè-Podji, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30. Ẹ má ṣe gbé gálọ́ọ̀nù epo sẹ́yìn ọkọ̀ tí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ní ọkọ̀, báyìí ni ẹ ṣe lè mọ ohun tí ó ń mu. Ẹ kún táńkì rẹ̀ dé ẹnu. Ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà tí ó wà níwájú awakọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ pé 84.200. Ẹ máa lò ó. Nígbà tí nọ́ńbà bá di 84.500, ẹ tún táńkì kún dé ẹnu. Bí ó bá gba lítà 20, a jẹ́ pé lítà 20 ni ó fi rin 300 kìlómítà, ìyẹn kìlómítà 15 fún lítà kan. Ẹ ṣe é lóṣooṣù. Bí ó bá bọ́ sí 12, nǹkan ń ṣe ọkọ̀ náà: ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ táyà ti dín kù.

Nígbà tí ẹ bá lọ rà á, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti ṣe nǹkan sí i kí ẹ tó dé. Ẹ wo èéfín rẹ̀. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé ó ń mu epo jù. Èyí tí ó dà bí aró túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Èyí tí ó funfun tí kò dáwọ́ dúró túmọ̀ sí pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ.

Lẹ́yìn náà ni ìwé, ibẹ̀ sì ni kíláàsì wa ti wúlò jù lọ. Gbogbo ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ẹ ó rí ní Kútọnu ni ó ní nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára irin rẹ̀. Àmì 17 ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀ mọ́ra. Àwọn 17 kan náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Wọn kì í lo I, O àti Q nínú rẹ̀, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ 1 àti 0. Nítorí náà bí ẹ bá rí ohun tí ó rí roboto, òdo ni. Kí ẹnì kan ka ti ara irin sókè, kí ẹlòmíràn fi ìka tọ ti inú ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a lọ wò pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó mọ́, owó rẹ̀ sì dára. Èmi kà, òun tọ́ka. Nígbà tí a dé àmì kẹrìnlá, mo pe 3. Ó ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. 8 ni ó wà nínú ìwé. Ẹni tí ń tà á ní ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò já mọ́ nǹkan. A kí i, a sì jáde. Ọjọ́ kejì ni a rí Yaris kan tí 17 rẹ̀ pé, a sì gbé e wálé.