Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀ ní New York

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn lè rò pé ọkọ̀ tí ó bá ṣáà ti kọjú síbi tí òun ń lọ yóò gbé òun débẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní New York. Ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ A àti ọkọ̀ C ń gbà, ṣùgbọ́n C a máa dúró ní gbogbo ibùdókọ̀. Bí A bá kúrò ní òpópónà 59 lójúmọmọ, ó di òpópónà 125.

Èmi kò mọ̀. Òpópónà 116 ni obìnrin tí ń bá mi tọ́jú ọmọ ń gbé, aago mẹ́fà sì ni àdéhùn wa. Ojú mi kòrókòró ni a ṣe sáré kọjá ibẹ̀! Ọyàn mi ti kún, wàrà sì ti rin aṣọ mi. Ìyá àgbà kan ni ó ní kí n sọdá, kí n wọ C padà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ máa béèrè. Àárín ọkọ̀ ni òṣìṣẹ́ tí ń ṣílẹ̀kùn máa ń wà. Ẹ dúró níbẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó, nítorí ìgbà náà ni wọ́n sábà máa ń tún irin ṣe, tí ọkọ̀ sì ń yà sí ọ̀nà mìíràn. Lóru, C kì í ṣiṣẹ́; A ni ó ń dúró káàkiri. (Ta ni yóò há gbogbo èyí sórí?)

Ní tèmi, ìgò wàrà méjì ni mo ń fún sílẹ̀ báyìí kí n tó jáde, kì í tún ṣe ẹyọ kan.